Sípíkà Márùn-ún àti Ẹ̀rọ Ìránṣọ Kan

Pálọ̀ wa,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Kúnlé, Àjàní ọmọ mi,

Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń rán mi létí pé mo ti fẹ̀yìn tì. Màmá rẹ náà wà, ó ń gún iyán lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń kọ èyí, ìró odó sì ń mi tábìlì mi. Ìyàwó rẹ wà pẹ̀lú wa. Ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sí ohun tó ń ṣe é lára. Mo mọ̀ pé ìyẹn lo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò bèèrè rẹ̀ nínú ìwé tí o fi rán awakọ̀ sí mi.

Ìwé tìrẹ kò gùn. O ní kí n bá ọ bá Yẹ́misí wí, kí n sì fi í sínú ọkọ̀ padà sí Òde-Èkìtì. Àjàní, mi ò ní ṣe é. Mi ò bá a wí, mi ò sì ní fi í sínú ọkọ̀ kankan. Ṣé ẹrù ni?

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kó má di pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí ò ń sọ, ọ̀tọ̀ ni tèmi. Ìgbéyàwó yín kò tí ì pé ọdún. Iṣẹ́ tuntun gbé ọ lọ sí Òde-Èkìtì, ẹ gba yàrá kan àti pálọ̀ kan, Yẹ́misí gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lẹ́yìn náà lo lọ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, àti ẹ̀rọ tó ń lo àwo pẹlẹbẹ, àti sípíkà márùn-ún pẹ̀lú bàbá wọn tó ń dún gbì-gbì nílẹ̀. Ààyè kò gbà wọ́n. O gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ènìyàn kò ti lè rí ojú abẹ́rẹ́. O ní kí àwọn oníbàárà má kanlẹ̀kùn bí eré bá ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan wá sọ bí wọ́n ṣe máa rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Yẹ́misí ní kí o jọ̀ọ́ dín ohùn kù kí òun lè gbọ́ ọ. O dá a lóhùn níwájú àlejò pé, "Ta ló ni ilé?"

Ta ló ni ilé! Lándíọ̀dù yín ló ni ilé, Kúnlé. Ìwọ àti Yẹ́misí, ayálégbé ni yín.

Ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ibi tó gbé ẹrù náà gbà. Emùré ni ilé bàbá rẹ̀, ọkọ̀ Emùré sì wà ní gáréèjì. Kò wọ̀ ọ́. Ìkẹ́rẹ́ ló wá, ó kúnlẹ̀ níwájú màmá rẹ, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà. Mo ní kí n wá kí yín." Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó tó bá bínú lọ sílé bàbá rẹ̀ ti ń ro nǹkan mìíràn lọ́kàn. Èyí tó bá bínú wá sílé àwọn òbí ọkọ rẹ̀, kò tí ì lọ síbì kankan. Ẹjọ́ ló wá rò. Títí di òní, àwọn ará Emùré kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí yín ní Òde-Èkìtì ní ìparí oṣù yìí. Bó bá dé tó bá sípíkà, tí kò bá ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì á jókòó, oníkálukú á rántí ohun tí kò yẹ kó rántí, ìgbéyàwó tí kò tí ì hu eyín á sì di ohun tí wọ́n ń fà ya. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé gígùn, èmi tí o mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ìwé kíkọ mọ́.

Má bẹ̀rù, mi ò ní bú ẹ̀rọ rẹ. Ta ni kó bú u? Ṣé èmi ni? Èmi tí mo gbé ọ sórí itan mi wo eré òfuurufú nígbà tí o kò tí ì lè sọ "Bàbá" já gaara! Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí gbogbo ìlú ń jó lójú títì, orí igi ọsàn ẹ̀yìn ilé ni mo wà tí mò ń yí áńtẹ́nà, torí mo rò pé ìpínlẹ̀ tuntun á gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Màmá rẹ dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá Kúnlé, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá jó, ìjọba ò tí ì rí ibi tí wọ́n máa jókòó, ẹ̀yin ń wá àwòrán wọn." Nítorí náà, àìsàn tó ń ṣe ọ́, ọ̀dọ̀ mi lo ti kó o.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ ní tuntun. Wá wo àkísà tèmi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sìtébíláísà tó jóná níbi tó ti ń dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Fídíò tó gbé kásẹ́ẹ̀tì mì tí kò pọ̀ ọ́ mọ́ wà níbẹ̀. Rìmóòtù tí mo fi ọ̀rá wé kó má baà dọ̀tí, tí mo wé títí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, òun náà ń sinmi níbẹ̀. Ara àkísà wọ̀nyí ni mo ti fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Èkíní, ọ̀rọ̀ eré fúnra rẹ̀. Mo ní èrò tèmi lórí àwọn eré tí ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ gòkè lọ sí ayé mìíràn yìí, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá bá mi jà. Mi ò fẹ́ràn àwọn tuntun, tí ọkọ̀ ń bú gbàmù-gbàmù láàárín ìràwọ̀. Sáyẹ́ǹsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ: níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, kò sí ìró. Gbé ogún sípíkà sílẹ̀ tí o bá fẹ́, irọ́ ni wọ́n ń fi gbogbo wọn pa fún ọ. Kò sì yé mi bí gbogbo ará ayé òkèèrè ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ pé láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré lásán, ohùn ti yí padà. Wọn kì í jẹun pẹ̀lú. Kóró kan báyìí bí oògùn ibà ni wọ́n ń gbé mì. Màmá rẹ ní ìdí tí ojú wọn fi máa ń le bẹ́ẹ̀ nìyẹn, pé kò sí ẹni tó gún uṣu fún wọn.

Àwọn àtijọ́ ni mo fẹ́ràn, èyí tí ògiri ọkọ̀ jẹ́ páálí, tí o bá lajú dáadáa wà á rí i tó ń mì nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Owó kò sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbájú mọ́. Bí ewu bá dé, ọ̀gá ọkọ̀ á yíjú sí àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, á bi wọ́n léèrè pé, "Kí lẹ rí sí i?" Dókítà á sọ tirẹ̀, ẹnjiníà á sọ tirẹ̀, obìnrin tó ń gbọ́ rédíò á sọ tirẹ̀, ọ̀gá á dákẹ́ gbọ́ gbogbo wọn. Mi ò rí i kí ọ̀gá rere kan nínú wọn bèèrè rí pé ta ló ni ọkọ̀. A jọ wo eré wọ̀nyí ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ àti èmi, mi ò sì mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́ lójú tí èyí kò wọ̀ ọ́ létí.

Àbí o mọ̀ pé Yẹ́misí fẹ́ràn wọn? O ò mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lo fi í sí, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó dé, mo fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan sínú fídíò kejì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dá abàmì kan jáde láti inú ihò, irun ní gbogbo ara, ojú mẹ́ta, ó ń ké ramúramù. Mo ti ń wo ẹ̀dá yẹn láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, àyà mi ṣì máa ń já. Ẹ̀dá náà yí ẹ̀yìn padà báyìí, Yẹ́misí sì pariwo, "Bàbá! Síìpù nìyẹn!" Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Síìpù ni, Kúnlé! Láti ọrùn dé ìbàdí! Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ó ti pẹ́ tí pálọ̀ yìí ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ìwọ ni o sì ń pàdánù rẹ̀ níbi tí o jókòó sí.

Èkejì. Nígbà tí èmi àti màmá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tí mo ra tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́, Àkúrẹ́ ni àwòrán ti ń wá, àwọn òkè wa yìí sì dínà mọ́ ọn. Ọ̀pá áńtẹ́nà gùn, ẹ̀yìn ilé ni mo rì í mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síta kó máa yí ọ̀pá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ilé kó máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mò ń yí i. "Ó ti dé?" "Kò tí ì dé!" "Báyìí ńkọ́?" "Ó dé! Áà, ó ti lọ!" Òjò ń ṣẹ́ sí mi lára. Mo ní màmá rẹ kì í wò ó dáadáa, pé kó jáde wá yí ọ̀pá, kí èmi wọlé lọ wo iṣẹ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Ó jáde, mo wọlé, mo jókòó. Mo pè títí ohùn mi há: ó dé, ó lọ, ó dé, ó lọ. Nígbà tó yá, ó bi mí láti ìta pé, "Bàbá ilé, ṣé ẹ ń wò ó dáadáa?" Ojú tì mí.

Ẹni tó di ọ̀pá mú kò lè rí àwòrán, ẹni tó ń rí àwòrán kò lè fọwọ́ kan ọ̀pá. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ kò sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, o ò lè mọ bí ojú ṣe ń ta Yẹ́misí níbẹ̀. Ó sọ fún ọ. Ohùn tó ń ti inú ilé wá nìyẹn, o kàn ní kò wò ó dáadáa ni. Bó bá tún pè ọ́ pé "Kò tí ì dé," tún ọ̀pá yí, ọmọ mi. Má jà.

Ẹ̀kẹta, èyí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n má fò ó. Ìwọ kò tí ì dáyé nígbà yẹn. Àwòrán tí ń lọ tó ń bọ̀ yẹn sú mi, mo sì ronú bí ẹni tó kàwé: kí ló ga ju gbogbo ilé lọ ní Ìkẹ́rẹ́? Àpáta ni. Mo gbé áńtẹ́nà lé èjìká, mo gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, níhà òkè Olósùnta, mo fi òkúta kéékèèké gbè é lẹ́sẹ̀, mo sì fa wáyà láti orí àpáta wá sí ojú fèrèsé. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Yìnyín funfun nìkan ni mo rí lójú rẹ̀, kò sí àwòrán. Wáyà ti gùn jù, agbára àwòrán tán sójú ọ̀nà. Èmi, tíṣà sáyẹ́ǹsì, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa iná àti wáyà!

Kò tán síbẹ̀. Ọdún Olósùnta, tí wọ́n fi ń bọ òkè náà, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan láti agbolé tó wà nítòsí wá, ó jókòó lórí àga mi, ó gba omi, ó mu ún, ó béèrè àlàáfíà gbogbo wa kó tó wá ní, "Tíṣà, kí lo gbìn sórí àpáta?" Mo ní áńtẹ́nà ni, sà. Ó ní, "Ṣé ó máa so?" Mo ní rárá, sà, pé àwòrán ni ó ń mú wá. Ó ní, "Ta lo bi kí o tó gbìn ín?" Kristẹni ni mí, o mọ̀ mí, mi ò bá wọn bọ òkè. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò bi mí léèrè ìsìn mi. Ó ní àwọn kan ti ń gun ibẹ̀ kí a tó bí bàbá mi, wọ́n á sì gùn ún lọ́dún yìí, wọ́n á wá bá irin ẹlẹ́ka púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n nípa rẹ̀. Mo lọ yọ ọ́ ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, bàbá náà di ẹni tó ń wá wo ìjàkadì ní pálọ̀ wa, òun ló sì sọ fún mi pé tí mo bá ri ọ̀pá mọ́ apá ibi igi ọsàn, òkè kò ní dí i níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gbé nǹkan sí ibi tí ẹlòmíràn ti ń lò ṣáájú rẹ, kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà lójú fèrèsé yẹn kí sípíkà tó dé. Ìwọ kò bi Yẹ́misí. Bí o bá bi í, mo fi dá ọ lójú pé òun fúnra rẹ̀ ìbá wá ibi tí o máa gbé wọn sí.

Èwo ló kù? Mi ò kà á mọ́. Jẹ́ kí n sọ ti pálọ̀ yín bí ẹni tó mọ iṣẹ́, torí ó dùn mí bí o ṣe tò ó. Yẹ́misí júwe rẹ̀ fún mi, mo sì kígbe. Ìwọ, ọmọ mi, o gbé tẹlifíṣọ̀n sí ojú fèrèsé? Kí òòrùn máa bá àwòrán jà? Tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lójú; ẹ̀rọ ìránṣọ ló fẹ́ ẹ. Gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí ògiri inú lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀, wà á rí i pé dúdú rẹ̀ á dúdú, pupa rẹ̀ á pọ́n. Dá ẹ̀rọ ìránṣọ padà sí ojú fèrèsé rẹ̀. Àwọn sípíkà ẹ̀yìn, ta ló ní kí o gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀? Ìṣó méjì lára ògiri, gbé wọn kọ́ lókè orí, ohùn á sì dára sí i, torí kò ní máa gba inú àga kọjá mọ́. Èyí tó ń dún gbì-gbì, má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri tí ẹ bá aládùúgbò pín. Gbé e sórí ẹní tí o ká. Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́kàn mi: gbogbo rẹ̀ á gba pálọ̀ náà, àyè á sì ṣẹ́kù fún àga oníbàárà. Ìjà tí ẹ jà yìí, bí lílo ẹ̀rọ tí o rà bá yé ọ dáadáa, kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Àti pé, jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wọlé. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí mo ní, inú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn ló wà, ó ní kọ́kọ́rọ́. Mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ síléèwé. Ní ọjọ́ kan mo bọ̀ wálé, mo bá àwọn aládùúgbò pẹ̀lú àpótí ìjókòó wọn nínú pálọ̀, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù títì, màmá rẹ ń pín ẹ̀pà fún wọn. Kò sí ẹni tó bú mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀," wọ́n sì sún fún mi. Mo ṣí i, a jọ wò ó, mi ò sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ yẹn wọlé sí mọ́. Eré tí ènìyàn dá wò kì í dùn, Kúnlé. Mo ti wo ọ̀pọ̀ nígbà tí màmá rẹ bá lọ kí ìyá rẹ̀, mi ò rántí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹyin lohùn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí o sọ níwájú àlejò yẹn ti fọ́, a ò lè kó o. Ṣùgbọ́n a lè nu ilẹ̀.

Ohun tí wà á ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí o bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ ọkọ̀ máa bọ̀. Má rán ọ̀rẹ́ rẹ, má rán awakọ̀, má kọ ìwé mìíràn. Má sì ra nǹkan ẹlẹ́rọ wá fún mi láti fi dí mi lójú, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí Yẹ́misí ti wá sá di mí, èmi ni bàbá ìyàwó báyìí, ìwọ sì ni àna mi. Bí o bá dé, wà á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kì í ṣe èyí tí ò ń fi ìka kan kanlẹ̀ yẹn. Mà á bi ọ́ ní ohun tó gbé ọ wá. Wà á sọ fún mi pé ìyàwó rẹ lo wá mú. Mà á mú ojú le díẹ̀, má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Lẹ́yìn náà wà á yíjú sí òun fúnra rẹ̀, wà á sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o sọ fún un, kò gbọdọ̀ jẹ́ èmi ni mo fi í sí ọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

Màmá rẹ ti gún iyán tán, ó dúró sẹ́yìn mi báyìí, ó ń bèèrè ohun tí mo ń kọ tó gùn tó báyìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú sí ọ, pé ọkọ òun ni ọ́, ṣùgbọ́n pé ìyàwó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Kó wá sí ulé. Kó wá sí ulé, kó wá jẹun." Ó tún ní ṣé o ń jẹun níbẹ̀ yẹn? Mo ní bóyá kóró ló ń gbé mì. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ku ohun kan, òun ló sì jẹ́ kí n mú bírò lónìí, torí láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé ni mo ti ń sọ pé mà á fèsì, mà á fèsì.

Eré òfuurufú kan wà tí wọ́n ń ṣe láti Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, apá kan lọ́sẹ̀ kan. Àwa mẹ́ta la jọ ń wò ó. Lánàá, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sí ayé kan tó jẹ́ iyanrìn lásán. Ọ̀kan nínú wọn lọ wá omi. Kò jìnnà. Ìjì dé, wọ́n ní kí wọ́n tètè gbéra, kí ọkọ̀ má baà rì sínú iyanrìn, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ọkùnrin náà yọ láti ẹ̀yìn òkìtì, ó gbé garawa omi lọ́wọ́, ó rí ọkọ̀ tó ń gòkè lọ. Kò pariwo. Ó kàn gbé omi sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ó jókòó tì í. Ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí, ó di Sátidé tó ń bọ̀.

Màmá rẹ pòṣé, ó lọ yẹ ìkòkò wò. Èmi ń wá nǹkan sọ nípa iyanrìn náà, pé ó jọ gàrí. Mo yíjú, mo rí Yẹ́misí. Láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, kò sunkún. Kò sunkún níbi tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wa, kò sunkún nígbà tí ìwé rẹ dé tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìkíni. Lánàá, níwájú tẹlifíṣọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n á padà wá mú un?"

Mo ti ń wo irú eré yìí kí wọ́n tó bí i. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń padà.

Síbẹ̀, mo ní, "Jẹ́ kí n bèèrè."

Kúnlé, mo ń bèèrè.

Bàbá rẹ.